Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Etí Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Kọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú ìjókòó.

Àgbádárìgì níbí ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, lọ́dún 1843. Síbẹ̀ títí dòní, tíṣà kan náà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló tún ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ pàápàá, ẹni tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì fún NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, JSS, ìyẹn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ni wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ ló kà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì rọ̀ kì í rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dénú. Ìgbà tó bá tó ọmọ ọdún méjìlá, tí àṣìṣe ti di bárakú, ló ń tó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀. Ìyẹn ló ń kọ wá lóminú.

Wọ́n ti gbìyànjú ohun mìíràn rí nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣíwájú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, tíṣà ọ̀tọ̀ tí wọ́n dìídì yàn fún un ló sì ń wọlé wá kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ yìí, Yorùbá tí wọ́n lò la máa ń rántí. A kì í sábà rántí tíṣà ọ̀tọ̀ náà.

Kí ni ká wá kọ́ irú tíṣà bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Ẹni tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù fún wákàtí méjì lè má mọ ìdí tí ọmọ fi ń pe "very" ní "fẹ́rì". Tíṣà tí à ń wá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èdè ilé ọmọ ti ń fa ahọ́n rẹ̀, kó sì mọ ohun tó máa ṣe síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò ní ch, kò sì ní th inú "thin" tàbí ti inú "this". Ìró tó bá sún mọ́ ọn jù lọ́mọ máa fi dípò: f, s, ṣ, t, d. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, ọmọ Ègùn wà nínú kíláàsì kan náà, èdè Ègùn sì ní v àti z. Ọmọ tó ń pe Zangbeto láti kékeré ti ní z lẹ́nu. Ẹni tó ń pe ọmọ ní "ovi" ti ní v. Tíṣà tó mọ èyí á mú ọmọ Ègùn jókòó ti ọmọ Yorùbá, á ní kí èkíní pè é, kí èkejì máa wo ètè rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi Ègùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ á wá di ẹni tí wọ́n ń kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà p ló ń tan tíṣà jẹ jù, torí ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. P Yorùbá, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ló jọ ń pè é. P Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni. Ẹ ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, ẹ gbé e síwájú ẹnu. Ẹ pe "pátápátá": agbára káká ni bébà yẹn fi máa mì. Ẹ wá pe "pen": ó yẹ kí bébà náà fò síwájú. Tí kò bá fò, p Yorùbá lẹ pè. Fún z, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀fun: tí ẹ bá pe s, ọ̀fun á dákẹ́, tí ẹ bá pe z, á máa gbọ̀n. Kí tíṣà fúnra rẹ̀ yege nínú èyí kó tó gbé e dé iwájú ọmọ.

Àṣìṣe kan wà tó gbilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "bed" fi di bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà tó bá ń pe ìró t ní "tì", tó ń pe p ní "pì", ti dá kún un. Ọmọ á so wọ́n pọ̀, á ka "tap" sí "tápì", ohun tí a kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló sì kà. Kí tíṣà pe t lásán, kí èémí kàn jáde, kó má fi fáwẹ̀lì kankan tì í lẹ́yìn. Lẹ́tà mẹ́fà tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni s, a, t, i, p, n, torí kíá ni wọ́n ń di ọ̀rọ̀: sat, sit, pin, tin, nap. Ẹ má kọ́ wọn ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n jọra lójú. Tó bá kan e, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá: "E inú 'pen', ẹ tiwa tó ní àmì lábẹ́ ni." Ó parí.

Nínú gírámà, Yorùbá kan náà ni irinṣẹ́. "Ó" kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, nítorí náà ọmọ á kọ "My mother, he is cooking." Òmíràn á kọ "My father, they have gone." Ọmọ yẹn kò ya olódo, ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ló gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé nílé, "wọ́n" là ń lò fún bàbá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "he" ni, kò sì já sí àfojúdi. Gbólóhùn yìí ń ṣiṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún àmì pupa lọ. Ilé-ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀. "Three book" àti "yesterday I go" náà, orísun kan náà ni: ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà fún iye, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà fún àná.

Ètò tí à ń dábàá kò ju táàmù kan lọ: ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 24. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún etí àti ẹnu, mẹ́ta fún ìwé kíkà, mẹ́ta fún àṣìṣe gírámà, méjì tó kù fún ìdánrawò. Nínú ìdánrawò, kí tíṣà kọ́ ọmọ mẹ́jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú tí òun fi sọ̀rọ̀ àti èyí táwọn ọmọ fi sọ̀rọ̀. Ojú máa ń là níbẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí: ọmọ 50, ìṣẹ́jú 35, tí tíṣà kò bá tiẹ̀ la ẹnu rárá, ìṣẹ́jú-àáyá 42 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá wọn sí méjì-méjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ariwo á wà o. Kí ẹ̀yin ọ̀gá fara dà á.

Tíṣà kan lè gba Pírámárì 1 dé 6 tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹyọ kan: ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, 30. Tó bá jẹ́ A àti B, ẹ nílò tíṣà méjì. Tí ọmọ 50 bá wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìwé 300 ló máa wà níwájú tíṣà kan. Kó yẹ 60 wò lójúmọ́, ìṣẹ́jú kan fún ìwé kan, irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kó wá lọ́jọ́ kan. Tó bá fẹ́ fa ilà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí á fi pa á tì. Ohun tó sì ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni pé wọ́n á gbé tíṣà tí wọ́n kọ́ lọ sí Pírámárì 6 nìkan, nítorí ìdánwò. Pírámárì 1 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí.

Ní òpin táàmù, ẹ pe ọmọ mẹ́wàá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọn kò rí rí, tí a fi lẹ́tà tí wọ́n ti mọ̀ kọ. Tí ẹ bá gbọ́ "pínì" fún "pin" lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ má tíì pè wọ́n sẹ́yìn láti tún un kà. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ẹ tẹ́tí sí bí tíṣà ṣe ń pe n.