Òdòdó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kùn: Abọ́ Gíláàsì Ayé Róòmù Àtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo abọ́ yìí. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á, àwọ̀ aró ló ní, òdòdó funfun àti yẹ́lò sì kún ara rẹ̀. Ta ló kun ọ̀dà sí i? Kò sí. Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀: òdòdó yẹn náà ló tún yọjú síbẹ̀. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ni òdòdó.

Láyé Késárì Augustus, irú abọ́ yìí ló lòde ní Róòmù. Àwọn ará Róòmù kọ́ ló pilẹ̀ rẹ̀ ṣá o. Irú rẹ̀ wà nínú ẹrù ọkọ̀ kan tó ti rì ṣáájú ìgbà náà lẹ́bàá erékùṣù Antikythera, nílẹ̀ Gíríìsì.

Iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, pẹ̀lú kán-ún tí wọ́n ń wà ní Wadi Natrun nílẹ̀ Íjíbítì, kí iyanrìn lè tètè yọ́. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé: oníṣẹ́ á mú ọ̀pá gíláàsì yẹ́lò, á fi gíláàsì funfun yí i ká, á fi gíláàsì aláwọ̀ aró bo gbogbo rẹ̀, á wá yáná sí i. Bó bá ti rọ̀, wọn á dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọn á fà á. Yóò gùn, yóò sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òdòdó inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó kàn ń kéré sí i ni. Tó bá tutù, á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, ojú kan náà ni gbogbo ègé yóò ní. Á tò wọ́n síra, iná á jó wọn pọ̀ di pẹlẹbẹ, á sì gbé e lé mọ́ọ̀dù nínú ìléru títí yóò fi tẹ̀ di abọ́. Ó wá ku kó lọ̀ ọ́, kó dán.

Ẹ sún mọ́ etí rẹ̀. Fọ́nrán gíláàsì funfun àti aró tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló yí i po. Ẹ sì wo ibi tí abọ́ ti tẹ̀: òdòdó ibẹ̀ ti fà gbọọrọ. Ibẹ̀ wù mí ju ibi tó gún régé lọ, torí ibẹ̀ la ti ń rí ọwọ́ iná.

Fífẹ́ gíláàsì ló wá gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ yìí. Àwọn ará agbègbè Síríà àti Palẹstínì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: èèyàn á fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì gbígbóná, ife ti dé nìyẹn. Strabo, òǹkọ̀wé ọmọ Gíríìsì tó gbé láyé ìgbà náà, kọ ọ́ pé owó bàbà kan lèèyàn lè fi ra ife gíláàsì ní Róòmù. Kí ọ̀rúndún kìíní tó parí, àwọn tó ń to òdòdó ti ṣọ̀wọ́n.