Òkè Tí A Fi Sílìn Ṣe

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ní Houston, níbi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, ẹ ní eré ogun orí tábìlì lẹ fẹ́ sọ lónìí.

Bọ̀dé: Òun ni, àbúrò mi. Àmọ́ kì í ṣe ti àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ló wà lọ́kàn mi: òkè, igbó, oko. Lóde òní, èèyàn lè ra gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Láyé ìgbà kan, ohun tó bá wà nílé la fi ń ṣe é.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Láti ìgbà wo?

Bọ̀dé: H.G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé Little Wars lórí irú eré yìí ní 1913. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré nígbà náà, ìwé ńláńlá ni òkè wọn, ẹ̀ka igi ni igbó. Àwọn mìíràn lo àpótí yanrìn lẹ́yìn ìyẹn. Ó dùn ún lò, ọwọ́ lásán lo fi máa gbẹ́ odò. Ṣùgbọ́n ó wúwo!

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ̀yin ńkọ́?

Bọ̀dé: 1984 ni mo dé London, ọmọ ọdún 11. Fóòmù funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ sílìn nígbà yẹn ni a máa ń gé, a ó tò ó léra bí àtẹ̀gùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Kí ló dé tí kò fi dà gẹ̀rẹ́ bí òkè gidi?

Bọ̀dé: Ọmọ ogun á ṣubú! Ó gbọ́dọ̀ ríbi tẹ́jú dúró sí. A ó wá kùn ún ní ọ̀dà, a ó fi gọ́ọ̀mù pa á lára, ká wọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó tí a ti pa láró aláwọ̀ ewé sí i. Láíkìnì, ohun kan tó ń hù bí ewéko, tó sì rí bí kànìnkànìn, ni igi wa. Glísáríìnì ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí kó má baà gbẹ, kó rún. Lọ́jọ́ kan mo fọ́n ọ̀dà inú agolo sára òkè mi. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ fóòmù: òkè náà yọ́ lójú mi bí iyọ̀ inú omi. Mo sunkún.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bọ̀dé: Ìyá mi ló gé igun kan lára ẹní okùn àgbọn tí à ń fi nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n fi ìyẹn ṣe oko. Oko wíìtì tó pọ́n dáadáa ló rí gẹ́lẹ́. Mo tún òkè mìíràn ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kùn ún. Mo gbé e wá lónìí.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ jẹ́ kí n gbé e wò. Háà! Ó mà fúyẹ́ o!