Ṣé Ọlọ́run Kẹ̀yìn Sí Mi Ni?

Ẹ kú ìjókòó o. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní Òṣogbo, orin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa gbọ́ káàkiri Òkè-Fíà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò ní mọ́ṣáláṣí. Tó bá di oṣù kẹjọ, Arugbá á gbé igbá lọ sójúbọ Ọ̀ṣun, ẹ ó sì rí àwọn tó wá tọrọ ọmọ àtàwọn tó wá dúpẹ́. Nírú ìlú báyìí, ìtìjú ńlá ni kéèyàn ní ayé sú òun, òun ò rí oorun sùn. Kíá ni wọ́n á bi í pé: "Ṣé o kì í gbàdúrà ni?"

Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí gan-an, torí ẹni náà lè máa gbàdúrà ju ẹni tó ń bi í lọ.

Ká ní ìyá aládìrẹ kan ṣòfò ọmọ. Ó lè ní: "Olúwa, ìwọ ni mo fẹ̀yìn tì." Ó sì lè ní: "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi kẹ̀yìn sí mi?" Ẹnu kan náà ló ń sọ ọ́, àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ń gbé e lọ yàtọ̀. Lọ́dún 2000, Kenneth Pargament, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí ìwádìí ń fi hàn léraléra ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń bá ìtura rìn, ìkejì sì ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìfọkànbalẹ̀ rìn.

Àmọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí o. Èwo ló bí èkejì? Ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ló kọ́kọ́ dé, tó wá yá ohùn Ọlọ́run lò láti máa dá ìyá yìí lẹ́bi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwàásù lórí ẹ̀ṣẹ̀ á kàn máa bu ata sójú egbò ni. Ẹgbẹ́ Àsàlátù tó wá bá a dáná, tó bá a gbálẹ̀, tó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, iṣẹ́ ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti rí èyí tipẹ́. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ó jẹ́ káwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn òyìnbó. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀ láwọn ibì kan, tí wọ́n ń pè é ní ìtúsílẹ̀, mi ò lè fara mọ́ ọn láé.

Bí ẹni yín bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí pásítọ̀ tàbí áfáà rẹ̀ bá yín lọ.