Àlùbọ́sà lásán ni Ànábì ní ká má gbé wọ mọ́sálásí, ká tó wá sọ ikọ́

Asalaamu alaekum wa rahmatullaahi wa barakaatuhu. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹ kú Jímọ̀ o, Ọlọ́hun á gbà á ní ìjọ́sìn lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ bá wa sọ lónìí, ikọ́ àti àwọn àrùn mìíì tó jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí ni wọ́n ń gbà ràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé ṣé ọ̀rọ̀ ọsibítù náà ló wá di wáàsí báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni látòkè délẹ̀.

Hádíìsì kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ó wà nínú Bukhari, ó wà nínú Muslim. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà, kó jìnnà sí mọ́sálásí wa, kó jókòó sílé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò. Àlùbọ́sà kì í pa èèyàn, kì í ṣe hàràámù, òórùn ẹ̀ kàn máa ń da ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn láàmú ni, tó bá sì yá òórùn yẹn á lọ. Tí Ànábì bá lè torí òórùn yẹn ní kéèyàn dúró sílé, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tí ikọ́ ti ń bá fínra láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá dúró sáàárín sọ́fù, èjìká sí èjìká, tó ń wú u lu bàbá arúgbó tó wà lápá ọ̀tún àti ọmọ kékeré tó wà lápá òsì, tó sì gbà pé òun ń wá láádá?

Ẹ wo bí mọ́sálásí wa ṣe ń rí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó tó di aago 1 ó ti kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n á tan ẹ́síì, ẹnì kan á dìde á lọ ti gbogbo fèrèsé kí òtútù má bàa jáde, tó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ a tún máa ní eruku ń wọlé, a ó tì í náà ni. Kútúbà á bẹ̀rẹ̀, a ó kírun, ó lè tó wákàtí kan ká tó jáde, gbogbo àsìkò yẹn afẹ́fẹ́ kan náà là ń mí símú, òun náà la tún ń mí síta. Àwọn kan rò pé ẹ́síì ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ fún wa, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ́síì tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri yẹn kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta, èyí tó wà nínú ilé náà ló ń fà, á sọ ọ́ di tútù, á tún fẹ́ ẹ padà sí wa lójú.

Ikọ́ ife, tí wọ́n ń pè ní TB, ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó bá sín, kódà tó bá ń kọrin tàbí tó ń ké Kùránì sókè, kòkòrò ẹ̀ á bá èémí ẹ̀ jáde, ojú ò lè rí i, tó bá sì jẹ́ ibi tí fèrèsé wà ní títì ni, kòkòrò yẹn lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹni náà ti lọ ilé ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ọdún 2023 nìkan, àwọn tí ikọ́ ife mú lágbàáyé tó mílíọ̀nù 10.8, àwọn tó pa tó mílíọ̀nù 1.25, Nàìjíríà tiwa yìí ló sì pọ̀ sí jù ní Áfíríkà. Ẹnì kan ṣoṣo tí ò gba ìtọ́jú lè kó o ran èèyàn 10 sí 15 láàárín ọdún kan. Ta ni àwọn èèyàn yẹn tí kì í bá ṣe ìyàwó ẹ̀, ọmọ ẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ń kírun?

Tá a bá ti ń sọ báyìí, èsì tá a máa gbọ́ ni pé "Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ni, ohun tí Ọlọ́hun ò bá kọ mọ́ èèyàn ò lè ṣe é." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká lọ bá Sáyídínà Umar, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì, ká wo bó ṣe lo òótọ́ yẹn. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù (agbègbè Síríà), ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn ọ̀gágun wá pàdé ẹ̀, Abu Ubayda ló ṣíwájú wọn, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáámù. Umar ò dá nǹkan pa lérò o, ó pe àwọn Muhájírì tó ṣí wá láti Mẹ́kà, ó pe àwọn Ànsáárù tó jẹ́ ará Mẹ̀dínà, ó pe àwọn àgbà Kùráéṣì, nígbà tó gbọ́rọ̀ wọn tán ó ní òun máa padà. Abu Ubayda bá bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun lo fẹ́ sá fún ni? Umar ní ì bá dára ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, Abu Ubayda, bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó ní tó o bá da ràkúnmí ẹ dé àfonífojì tó ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan ní koríko tútù, ọ̀kan gbẹ, ṣebí èyíkéyìí tó o bá ti jẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú kádàrá Ọlọ́hun náà ni? Ẹ̀yìn ìyẹn ni Abdur-Rahman bin Awf, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, dé, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà nílùú kan ẹ má wọ ibẹ̀, tó bá sì bẹ́ sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà ẹ má sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó padà sí Mẹ̀dínà.

Ta ló fẹ́ sọ pé ìgbáralé Ọlọ́hun òun ju ti Umar lọ?

Ẹ tún wo Háájì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ Mẹ́kà, dandan ni kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yírùnyírùn kó tó wọ bàálù, gbogbo alhaji àti alhaja wa ló gbà á, n ò rí ẹni tó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ò gbà torí Ọlọ́hun ń ṣọ́ òun. Lọ́dún 2020 àti 2021 tí kòrónà wà lóde, wọn ò gba àlejò kankan láti ilẹ̀ òkèèrè láti wá ṣe Háájì, àwọn tó ti wà ní Saudi nìkan ló ṣe é, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ní Kuwait nínú oṣù kẹta ọdún 2020, Ládàánì ń pèrun, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kírun nílé wọn. Àwọn kan pè é ní àdádáálẹ̀ nígbà yẹn, wọn ò mọ̀ pé Ibn Abbas, sàábé Ànábì, ti ṣe é rí, lọ́jọ́ Jímọ̀ gan-an, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ó ní kí Ládàánì sọ pé ẹ kírun nílé yín, nígbà tí ẹnu ya àwọn èèyàn ó ní ẹni tó sàn ju òun lọ ti ṣe é rí, ìyẹn Ànábì. Òjò àti ẹrẹ̀ lásán nìyẹn o.

Torí náà ìwọ tí ikọ́ ń ṣe, tí ara ẹ gbóná, Jímọ̀ ò di dandan fún ẹ lónìí. Kí ìrun Àìlà ràkáà 4 nílé ẹ, kí ọkàn ẹ balẹ̀, Ànábì ti sọ ọ́ nínú Bukhari pé tí ẹrú Ọlọ́hun bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà lórí ìrìn àjò, wọ́n á kọ láádá iṣẹ́ tó máa ń ṣe nígbà tára ẹ le fún un. Láádá Jímọ̀ tó o máa ń lọ ò sọnù.

Ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn máa fi ikọ́ pamọ́, mo mọ̀ ọ́n, ìtìjú ni. Wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, wọ́n á ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ, lánlọ́ọ̀dù á ní kó kó jáde, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù á máa yẹra fún un. Ìyẹn náà ò dáa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀yà Lárúbáwá kan tí wọ́n ń pè ní Thaqif wá bá Ànábì kí wọ́n wá ṣe àdéhùn ẹ̀sìn, adẹ́tẹ̀ kan wà láàárín wọn, Ànábì ránṣẹ́ sí i pé a ti gba àdéhùn tìẹ, máa padà lọ. Kò jẹ́ kó wọ àárín èrò, kò sì dójú tì í, kò dín ipò ẹ̀ kù nínú ẹ̀sìn rárá. Ó yẹ kí Lèmọ́mù wa kọ́ ọ, tí jàmáà kan bá ń wúkọ́, kó pè é lórí fóònù, kó kí i, kó bá a ṣàdúrà, kó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún un. Ikọ́ ife kì í ràn nípa abọ́, kì í ràn nípa kọ́ọ̀bù tàbí bíbọwọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbà, torí náà ẹ má sọ abọ́ ẹ̀ nù o, fèrèsé yàrá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí, kí oòrùn wọlé.

Tí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ò ń rù, tó ò ń làágùn lóru, tó o rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni láwọn ọsibítù ìjọba, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa gbà, oògùn ẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni, oṣù 6 lèèyàn sábà máa ń lò ó. Oyin àti hábátù sọ́dáà tó ò ń lò, súnnà ni, máa lò ó, hàntú, ìyẹn omi tí Alfa fi fọ Kùránì fún ẹ, mu ún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n dí ẹ lọ́wọ́ tẹ́ẹ̀sì, ẹnu Ànábì yìí kan náà la ti gbọ́ ọ pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ oògùn ẹ̀ kalẹ̀. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìtọ̀ ẹ lè máa jáde ní àwọ̀ ọsàn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nínú oògùn yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, má torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn bí oṣù kan ara á fúyẹ́, wàá máa rò pé ó ti tán, kò tíì tán, ẹni tó bá já a síbẹ̀ ló ń sọ ọ́ di èyí tí oògùn ò ràn mọ́, irú ìyẹn sì ni àwọn tó bá kó àrùn lára ẹ̀ máa kó.

Àwọn Alfa ilé kéwú, mo bẹ̀ yín sí Ọlọ́hun. Ọmọ 40 nínú yàrá kan tó ní fèrèsé kékeré kan, gbogbo wọn ń ké sókè pọ̀! Èèyi (measles) náà, afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn, ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá bẹ́ẹ̀ títí dé wákàtí 2 lẹ́yìn tí ọmọ tó ní in ti jáde. Ẹ gbé àwọn ọmọ yẹn jáde sábẹ́ igi, kẹ́ ẹ sì bi àwọn òbí wọn bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ èèyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15.

Ìgbà tí Ànábì bá fẹ́ sín, ọwọ́ tàbí aṣọ ló fi ń bo ojú ẹ̀, á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Agbádá tá a wọ̀ wá yìí ní etí, híjáàbù àwọn ìyá wa tóbi tó, ẹ fi bo ẹnu. Ẹni tó bá ní ìbomú kó lò ó, kó bo imú pẹ̀lú ẹnu, kó má jẹ́ àgbọ̀n ló máa fi ń bò.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, kó tó di aago 1 lónìí, ẹ rán ẹnì kan lọ ṣí gbogbo fèrèsé, ti ẹ̀yìn àwọn obìnrin náà, torí ibẹ̀ la máa ń gbàgbé jù. Ẹ tan fáànù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kútúbà kúrú, súnnà náà ni. Ẹni tí ooru bá mú, kó fara dà á nítorí Ọlọ́hun.

Yáà Allah, gbogbo ẹni tó ń wúkọ́ lóru tí ò róorun sùn, fún un ní ìwòsàn, rọ owó ọkọ̀ tó máa gbé e dé ibi tẹ́ẹ̀sì fún un, fún un ní sùúrù oṣù 6 yẹn. Āmīn.