Ìgbésẹ̀ mẹ́fà léwu ju méje lọ: ọ̀rọ̀ lórí dáìsì fún ẹni tó fẹ́ ṣe ayò tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ayò tuntun sọ nìyí. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.

Kí n tó kí wọn tán ni mo ti tẹ́ pátákó lúdò sórí tábìlì. Mo gbé ọmọ ayò pupa kan síwájú, mo gbé aláwọ̀ ewé kan sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó ni pupa yìí lè dúró sí ìgbésẹ̀ mẹ́fà síwájú aláwọ̀ ewé, ó sì lè dúró sí ìgbésẹ̀ méje. Èwo lẹ máa mú, kí aláwọ̀ ewé má bàa jẹ ẹ́?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìkan náà ni, ṣebí ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ọmọdébìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ní méje lòun máa mú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò mọ̀, pé bí òun ṣe máa ń ta á nìyẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ. Ẹni tó ń ta ayò lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n báyẹn, kó sì di ọ̀ta. Ẹni tó ń ṣe ayò gbọ́dọ̀ lè kà á.

Ẹ mú dáìsì méjì, kí ọ̀kan jẹ́ pupa, kí èkejì jẹ́ funfun. Ojú 6 ló wà lára pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè bá ojú 6 ti funfun pàdé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 36. Mo ní kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ nítorí pé pupa 3 pẹ̀lú funfun 4 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pupa 4 àti funfun 3, bí àròpọ̀ méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ 7. Ọ̀nà méjì ni, ẹ má kà á ní ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní Ítálì láyé Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, àwọn tó ń fi dáìsì mẹ́ta ta tẹ́tẹ́ ṣàkíyèsí pé àròpọ̀ 10 ń jáde ju 9 lọ díẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu, torí oríṣi mẹ́fà ni wọ́n kà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka èyí tó wà lójú dáìsì wo. Galileo jókòó, ó kà á délẹ̀: nínú ọ̀nà 216, 27 ló ń mú 10 wá, 25 ló ń mú 9 wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹjú mọ́ dáìsì tó, tí wọ́n fi rí ìyàtọ̀ tó kéré báyẹn! Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ìṣeéṣe, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, inú irú ìkà báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lúdò. Bí a ṣe ń ta á ládùúgbò tí mo dàgbà sí, dáìsì méjì là ń jù. Èèyàn lè fi dáìsì kan rin ọmọ kan, kó fi èkejì rin òmíràn, ó sì lè pa méjèèjì pọ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo. (Ti sísì méjì tó ń jẹ́ kéèyàn tún jù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.) Bí ẹnìkejì bá wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn mi, kí 6 ṣáà ti hàn lójú dáìsì kan, ó ti jẹ mí. Ọ̀nà 11 nìyẹn. Ó tún lè fi 1 àti 5 jẹ mí, tàbí 5 àti 1, 2 àti 4, 4 àti 2, 3 àti 3. Ọ̀nà 5 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀, 16 nínú 36. Bí mo bá sún síwájú lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Kò sí dáìsì tó ní 7 lójú. Àròpọ̀ nìkan ló kù fún un, ọ̀nà 6 péré ló sì ní.

Láti 16 já sí 6, nítorí ìgbésẹ̀ kan!

Ẹ ka ìyókù fúnra yín, ẹ máa rí i pé ìgbésẹ̀ kan síwájú ẹnìkejì jẹ́ ewu 11, méjì jẹ́ 12, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 16. Níní í lẹ́yìn rẹ gbágbá sàn ju kó fi mẹ́fà jìnnà sí ọ lọ. Lẹ́yìn méje, ó ń relẹ̀: 5, 4, 3, 2, 1.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí èyí nìyí. Ká ní ẹ yí òfin kan ṣoṣo padà, ẹ ní àròpọ̀ dáìsì méjèèjì nìkan ni èèyàn lè fi rìn. Dáìsì kò yí padà o. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan kò ní ewu kankan mọ́, mẹ́fà di 5, méje tó jẹ́ ibi ìsádi tẹ́lẹ̀ wá di ibi tó léwu jù lọ. Òfin yín ló ń pinnu ibi tí ewu máa jókòó sí. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan òfin, ẹ tún ọ̀nà 36 yẹn kà.

Nínú Catan, ayò tí Klaus Teuber ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 1995, àròpọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn sì ti yan ibi tó máa kọ́lé sí kí dáìsì tó balẹ̀. Orí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyàfi aṣálẹ̀, ni nọ́ńbà wà, wọ́n sì fi àmì tóótòòtó sábẹ́ nọ́ńbà: 6 àti 8 ní márùn-ún, 2 àti 12 ní ẹyọ kan. Iye ọ̀nà nínú 36 ni àwọn àmì yẹn ń kà. Mo fẹ́ràn òótọ́ inú yẹn, torí ọmọ tí kò mọ ìṣirò náà lè fojú rí i.

Ọ̀rọ̀ ìdúró ló kàn, òun ló sì dùn mí jù. Nínú ayò kan tí mo ṣe, ọmọ ayò gbọ́dọ̀ sọdá odò, àròpọ̀ dáìsì méjì tó bá tó 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì lè gbé e kọjá. Ọ̀nà 3 nínú 36. Mo rò pé ìdá kan nínú méjìlá ni, kò burú. Ọmọkùnrin kan jù, ó jù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jìnnà. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣì wà nínú ayò yìí?" Nígbà tí mo délé ni mo ṣèṣirò tó yẹ kí n ti ṣe: nínú ọgọ́rùn-ún tó bá jù ú lẹ́ẹ̀méjìlá, bíi 35 ló ṣì máa wà létí odò. Mo ti ka ìṣeéṣe, mi ò ka ìdúró.

Àtúnṣe tí mo ṣe ni pé ẹni tó bá jù tí kò rí i, kó mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì fi 1 kún gbogbo jíjù tó bá kù. Ọ̀nà 3 di 6, ó di 10, ó di 15, ó di 21. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù létí odò, ẹ̀ẹ̀kẹwàá sì gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni kọjá. Odò náà ṣì ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò gbé ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n mọ́.

Ẹnìkan bèèrè bóyá ó di dandan ká lo dáìsì. Rárá o. Pachisi, ayò Íńdíà tí wọ́n ti yọ lúdò, owó ẹyọ ni wọ́n ń dà níbẹ̀. Bí ẹ bá da owó ẹyọ mẹ́rin, ọ̀nà 16 ni: kí èyíkéyìí má ṣíjú sókè, ọ̀nà 1; kí ẹyọ kan ṣíjú sókè, ọ̀nà 4; méjì, ọ̀nà 6; mẹ́ta, ọ̀nà 4; mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà 1. (Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ́rìndínlógún o, ìyẹn ní àwọn onímọ̀ tirẹ̀.) Ṣùgbọ́n ìkà yẹn ń retí pé ẹ̀yìn àti ojú owó ẹyọ ń ṣubú dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ojú rẹ̀ tẹ́. Ẹ má gbà á gbọ́ láìdán an wò. Ẹ dà á nígbà 200 lórí ẹní, kí ẹ dà á nígbà 200 lórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kó mẹ́rin jáde láti inú àpò. Ọmọdébìnrin tó mú méje yẹn ti gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti pín bébà sọ́nà márùn-ún, ó ní kí wọ́n máa dà á.