Agogo Nagasaki àti bàbá tó ń wá ẹbí òkú ọ̀tá kiri

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde lẹ́nu mi níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Tí wọ́n bá ti dárúkọ àdó olóró átọ́míìkì, Hiroshima ló máa ń sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn, ìlú Japan tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ jù ú sí ní August 6, 1945. Nagasaki wá dà bí ènì. Bẹ́ẹ̀ Kokura, ìlú Japan míì, ni wọ́n rán bàálù Amẹ́ríkà tó gbé àdó kejì lọ ní August 9, wọ́n débẹ̀, àwọsánmọ̀ àti èéfín ò jẹ́ kí wọ́n rílẹ̀, ni wọ́n bá kọrí sí Nagasaki. A máa ń ní ikú tó fẹ́ pani tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́, àmọ́ ti Kokura yìí, orí ẹlòmíì ló lọ bà lé.

Urakami ni àdó náà bọ́ sí, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Nagasaki. Àwọn wọ̀nyí ti fi ẹ̀sìn wọn pamọ́ fún bíi 250 ọdún nígbà tí ìjọba Japan ń pa onígbàgbọ́, ìgbà tí wọ́n ráyè ni wọ́n kọ́ kátídírà ńlá kan. Ní 11:02 àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ Fáda. Kò sẹ́ni tó yè níbẹ̀. Charles Sweeney tó wa bàálù náà, Àgùdà lòun náà o.

Agogo méjì ló wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n hú ọ̀kan jáde lódidi lábẹ́ àwókù, wọ́n sì lù ú ní Kérésì 1945, èkejì ti fọ́ yángá. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, àyè agogo kejì ṣófo títí di 2025. James Nolan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, tí bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ dókítà níbi tí wọ́n ti ṣe àdó náà, ló lọ ń bá àwọn Àgùdà ilẹ̀ ẹ̀ dáwó jọ tí wọ́n fi rọ òmíì. Ní August 9, 2025, ní 11:02, agogo méjèèjì jọ dún.

Ẹnì kan wá bi mí pé ṣé Amẹ́ríkà ti tọrọ àforíjì ni? Rárá o. Obama lọ Hiroshima ní 2016, kò tọrọ àforíjì, àmọ́ ó gbá bàbá kan mọ́ra, Shigeaki Mori. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá yìí nígbà tí àdó bọ́ lu Hiroshima, nígbà tó dàgbà ó gbọ́ pé Amẹ́ríkà 12 tí wọ́n mú lógun kú síbẹ̀ pẹ̀lú, àdó ìlú wọn ló pa wọ́n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹbí wọn lókè òkun, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ o, tó ń pe àwọn tó bá wọn jórúkọ lórí fóònù. Ìjọba kankan ò rán an níṣẹ́. Ìyẹn ló wú mi lórí ju gbogbo òdòdó tí àwọn olóṣèlú ń gbé síbi ìrántí lọ.

Màmá kan ní ṣé Japan náà ò ṣèkà ni, ṣebí òun làwọn bàbá wa lọ bá jà ní Burma. Òótọ́ ni, Ma. Àwọn ará Korea tí Japan kó lẹ́rú wá sí Hiroshima kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n gbé òkúta ìrántí wọn kalẹ̀ ní 1970, ìta ọgbà ìrántí ló wà, ó di 1999 kí wọ́n tó gbà á wọlé.