Thelma Ritter àti Iṣẹ́ Òṣèré Alátìlẹ́yìn ní Hollywood

Ẹ kú ìjókòó o. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n yan Thelma Ritter fún àmì ẹ̀yẹ fíìmù Oscar ti òṣèrébìnrin alátìlẹ́yìn, ìyẹn òṣèré tí kì í ṣe olórí eré, láti orí fíìmù ọdún 1950 títí dé ti 1962. Kò gba ẹyọ kan.

Brooklyn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1902. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó dé iwájú kámẹ́rà nínú Miracle on 34th Street (1947). Ìyá kan tó ti rẹ̀ ló ṣe níbẹ̀, tó ń wá ọkọ̀ panápaná ìṣeré fún ọmọ rẹ̀. Bàbá Kérésì ilé ìtajà tó wọ̀ júwe ilé ìtajà mìíràn tí yóò ti rí i rà fún un. Ẹnu yà á, ló bá lọ sọ fún ọ̀gá wọn pé òun ti di oníbàárà wọn. Ó tán. Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára fíìmù náà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ fíìmù Fox kò yéé pè é mọ́.

Lẹ́nu alátìlẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń fi òótọ́ ọ̀rọ̀ sí. Nínú All About Eve (1950), Ritter ló ṣe Birdie tó ń ran Margo, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé, lọ́wọ́. Birdie yìí ló kọ́kọ́ fura sí Eve, ọmọbìnrin kan tó wá sún mọ́ Margo, nígbà tí gbogbo àwọn tó kù ṣì ń káàánú ọmọbìnrin náà. Àmọ́ nígbà tí ìfura ọ̀hún di ti Margo fúnra rẹ̀, a ò rí Birdie mọ́. Ewu iṣẹ́ náà nìyẹn: tí wọ́n bá ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ìtàn á máa lọ láìsí ìwọ. Lọ́dún yẹn, òṣèrébìnrin mìíràn, Celeste Holm, náà wà nínú ìdíje Oscar láti inú fíìmù kan náà. Josephine Hull ló gbé Oscar lọ.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nínú Rear Window (1954). Nọ́ọ̀sì ló ṣe, ó ń fi òróró wọ́ ẹ̀yìn òṣèré James Stewart, ó sì ń bá a wí pé kó yé yọjú wo ilé onílé. Ọwọ́ ò dúró, ẹnu ò dúró. Ká ní ó nàró gbagidi sọ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, ìwàásù ni ì bá dà.

Èyí tó ga jù lójú wa ni Moe nínú Pickup on South Street (1953), tí Samuel Fuller darí. Ó ń ta táì, ó sì ń ta àṣírí àwọn gbéwiri fún ọlọ́pàá, torí owó ìsìnkú tó ń tù jọ kí wọ́n má baà sin ín sí itẹ́ àwọn aláìní. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìbọn. Kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun. Àwo orin ń yí lọ, kámẹ́rà fi í sílẹ̀ ó lọ wo àwo náà. Orin parí, ìbọn dún. Ohùn tó rẹ̀ yẹn nìkan ló gbé gbogbo rẹ̀.

Nínú The Mating Season (1951), òun gan-an ló gbé fíìmù náà rù, síbẹ̀ orúkọ àwọn mìíràn ló ṣáájú tirẹ̀, alátìlẹ́yìn ni wọ́n sì kà á sí. Orí ìtàgé Broadway ni wọ́n ti wá fún un ní ipò iwájú: lọ́dún 1958, òun àti Gwen Verdon jọ pín Tony, àmì ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé, ti òṣèrébìnrin tó peregedé jù nínú eré olórin, fún New Girl in Town.